Ẹrù Ìyàwó Lórí Ilé Tó Ń Rì

Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán ni gíláàsì ara ògiri ti fọ́. Karima ló gbọ́ ọ. Ó dún "ṣáá", bí ìgbà tí èèyàn bá fi eyín fọ́ egungun ẹja. Ló bá dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ Galal ọkọ rẹ̀ tó ń hanrun, ó ṣílẹ̀kùn, ó tan iná fóònù sí ògiri àtẹ̀gùn. Lóòótọ́ ni. Gíláàsì pẹlẹbẹ tí Ẹnjinía Safinaz fi símẹ́ńtì funfun lẹ̀ mọ́ ojú ibi tí ògiri ti lanu ti pín sí méjì, apá kan ń wo òkè, apá kan ń wo ìsàlẹ̀, bíi tọkọtaya tó ti tú ka.

Ẹnjinía náà kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n lọ́jọ́ tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀. Ó ní, "Ẹlẹ́rìí nìyí. Bí kò bá fọ́, ilé yín ti jókòó, ká wá bí a ó ṣe rọra tún ìpìlẹ̀ rẹ̀ ṣe. Bó bá fọ́, ó ṣì ń rì nìyẹn. Ẹ má gbé abẹ́rẹ́ gòkè. Ẹ pè mí."

Abẹ́rẹ́ kọ́ ni wọ́n fẹ́ gbé gòkè lọ́jọ́ náà. Ẹrù ìyàwó ni.

Karima sọ̀kalẹ̀ lọ bá ìyá ọkọ rẹ̀ ní ilé ìdáná ìsàlẹ̀. Wagida, Ìyá Galal, ti jókòó ti ìkòkò láti ìdájí, ó ń di ìrẹsì sínú ewé kábéèjì, ó ń ká a bí ẹni ká sìgá. Àwọn pẹ́pẹ́yẹ tó ti ń sìn lórí òrùlé láti ìgbà òtútù ti wà nínú omi gbígbóná, wọn ò ní ìyẹ́ mọ́.

"Màmá, ẹ kúùdájí. Ẹlẹ́rìí ti fọ́."

"Ẹlẹ́rìí wo? Ẹjọ́ wo la ní?"

"Gíláàsì Ẹnjinía. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn mi."

Wagida ò gbójú sókè. "Ológbò ló fọ́ ọ."

"Màmá, a ò ní ológbò."

"Ológbò àdúgbò ni. Karima, gbọ́ mi. Ọjọ́bọ̀ ni ìgbéyàwó Midhat àbúrò ọkọ ẹ. Tí Ọjọ́bọ̀ bá ti kọjá, kí ẹlẹ́rìí fọ́, kí adájọ́ náà fọ́. Lónìí, ẹrù Rawya ìyàwó ẹ̀ ń bọ̀, gbogbo ojú tó wà nílùú Mahalla yìí ló máa dúró sẹ́nu ọ̀nà yìí. Bá mi gé àlùbọ́sà."

Karima gé àlùbọ́sà. Omi ń dà lójú rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè búra pé àlùbọ́sà kọ́.

Ní àdúgbò wa, ọmọkùnrin tí kò ní ilé kì í ṣe ọkọ ẹnikẹ́ni. Ó lè lẹ́wà bí òṣùpá, ó lè kírun títí iwájú orí rẹ̀ fi dúdú, kò sí bàbá kan ní Mahalla tí yóò fa ọmọ rẹ̀ obìnrin lé e lọ́wọ́ bí kò bá fi kọ́kọ́rọ́ ilé han àna. Ilẹ̀ wọ́n ju wúrà lọ. Owó iṣẹ́ ilé ìhunṣọ kò sì ju ohun tí a fi ń ra ẹ̀wà àti búrẹ́dì. Nítorí náà, ojú ọ̀run ni àwọn bàbá ń kọ́lé sí. Ọmọkùnrin kan dàgbà, wọ́n fi àjà kan lé òmíràn. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pá irin fi yọrí lórí gbogbo òrùlé wa, tó nàró bí irun ẹni tí ẹ̀rù bà: ọmọkùnrin tó kàn ni irin ń dúró dè. Ìsàlẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kì í wò. Ta ló ń fi ìpìlẹ̀ ṣe fáàrí?

Alhaji Ṣehata, bàbá Galal, gbẹ́ ìpìlẹ̀ fún ilé ilẹ̀, ó wá kọ́ alájà mẹ́rin lé e lórí. Òun àti ìyàwó rẹ̀ wà nísàlẹ̀, Galal àti Karima wà lókè wọn, ti Ashraf ọmọ wọn tó lọ ṣiṣẹ́ ní Kuwait wà ní títì lókè ti Galal, ti Midhat àbíkẹ́yìn sì wà lókè téńté, ọ̀dà rẹ̀ kò tíì gbẹ. Ẹni tí ọ́fíìsì ìjọba rán wá yẹ iṣẹ́ náà wò jẹ pẹ́pẹ́yẹ, ó nu ẹnu, ó ní òun ò rí nǹkan tó burú. Òtítọ́ ló sọ. Àwo oúnjẹ ló ń wò. Páìpù ẹ̀gbin tó bẹ́ níwájú ilé ń fún amọ̀ abẹ́ ìpìlẹ̀ lómi mu tọ̀sán-tòru; àwọn tó yẹ kó tún un ṣe wá, wọ́n fi òkúta bò ó, wọ́n ní kí ará ilé ṣe sùúrù. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Èyí tí a fi bíríkì mọ lé itọ́ lórí ńkọ́?

Níta, Ṣehata ń fá ilẹ̀kùn ẹnu ọ̀nà, nítorí ó tún ti há. Ó ti fá a títí ó fi dà bí ẹni pé àìsàn ló ń ṣe ilẹ̀kùn. Ìyá Sabir, aládùúgbò tí ògiri ilé rẹ̀ fẹ́ẹ̀ kan ti wọn, ń gbálẹ̀ níwájú ilé tirẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ló ń gbálẹ̀ ju ìgbálẹ̀ lọ.

"Alhaji, ẹ kú iṣẹ́ o. Ilẹ̀kùn yẹn ò ní tán mọ́ yín lọ́wọ́ báyìí?"

"Ọ̀rinrin ló wú u, Ìyá Sabir."

"Ọ̀rinrin! Èmi mà rò pé ilé yín ń kírun ni. Lọ́dún tó kọjá ó dúró ṣánṣán, ní báyìí ó ti tẹ̀ dé rúkúù. Tó bá fẹ́ forí kanlẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè wá, ká lè tò sẹ́yìn ẹ̀."

"Gbogbo ilé ló ń jókòó. Adìyẹ náà á mi ìdí títí kó tó sàba."

"Kí ló wá fẹ́ pa, Alhaji? Ẹyin ni àbí àwa?"

Ṣehata fá ilẹ̀kùn.

Galal, bí ìṣe rẹ̀ nígbàkigbà tí ìyá àti ìyàwó bá fẹ́ fojú kojú, ti rántí pé òun ní iṣẹ́, ó sì ti lọ. Karima ni kò níbi tí yóò lọ. Láàárín àlùbọ́sà àti kábéèjì, ó ti pe Ẹnjinía.

Safinaz dé kí oòrùn tó ga. Obìnrin kúkúrú ni, ó wọ bàtà rọ́bà, kò sì mọ bí a ti ń fi oyin pa ọ̀rọ̀. Ó gun àtẹ̀gùn tààrà, Karima tẹ̀lé e. Nígbà tí wọ́n dé ibi ògiri, Karima lanu, kò lè pa á dé. Gíláàsì wà níbẹ̀. Odidi. Ó ń dán.

Wagida ti dúró tì wọ́n, ṣíbí ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ wò ó fúnra yín, Ẹnjinía. Oorun ló wà lójú ìyàwó wa. Ẹ má bínú, ẹ wá jẹun."

Ẹnjinía fi ìka kan símẹ́ńtì funfun náà. Ìka wọlé.

"Símẹ́ńtì yìí tutù."

"Ilé ló ń làágùn," Wagida ní. "Ooru mú."

"Ta ló pààrọ̀ ẹlẹ́rìí mi?"

A ti gbọ́ ẹni tó ra ẹlẹ́rìí ní kóòtù rí. A ti gbọ́ ẹni tó dẹ́rù bà á. Wagida ni ẹni àkọ́kọ́ ní gbogbo Mahalla tí yóò yọ ẹlẹ́rìí kúrò lára ògiri, tí yóò fi ẹbí tirẹ̀ síbẹ̀. Karima sún mọ́ gíláàsì náà. Ìlà wúrà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà ní etí rẹ̀. Ó mọ ìlà yẹn dáadáa. Lára férémù àwòrán ìgbéyàwó rẹ̀ ló ti wá, èyí tó wà lára ògiri pálọ̀ ìsàlẹ̀.

"Màmá. Ẹ fọ́ àwòrán wa?"

"Èmi kọ́! Gíláàsì iwájú ẹ̀ ni mo yá. Àwòrán wà níbẹ̀, kò sóhun tó ṣe é. Ẹ ṣì ń rẹ́rìn-ín nínú ẹ̀."

Wọ́n pe Ṣehata wọlé. Eruku igi wà ní irùngbọ̀n rẹ̀.

"Alhaji, ẹ jókòó," Ẹnjinía ní.

"Ìdúró yìí tẹ́ mi lọ́rùn."

"Bí ilé yín náà ṣe rò nìyẹn. Ẹ gbọ́, Bàbá. Àtúnṣe wà. Mi ò sọ pé kò sí. A ó dí páìpù yẹn, a ó fi igi gbé àjà ró, a ó gbẹ́ abẹ́ òpó kan, a ó da kọnkéré sí i, á gbẹ, ká tó kọjá sí òmíràn. Bí a ti ń yọ eyín arúgbó ni, a kì í yọ méjì tó fara kan ara wọn pọ̀. Ṣùgbọ́n mi ò lè ti ọkọ́ bọ abẹ́ ilé tó ru ẹrù báyìí. Àjà òkè gbọ́dọ̀ kúrò ná. Òní la sì máa bẹ̀rẹ̀."

"Àjà Midhat?"

"Àjà tó wà lókè. Èmi ò mọ orúkọ tẹ́ ẹ sọ ọ́."

Ṣehata rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dé ojú. "Ẹnjinía, orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́."

"Òótọ́ ni, Bàbá. Ṣùgbọ́n ẹni tó ru ẹrù, tí ọrùn ẹ̀ fẹ́ ṣẹ́, ṣé a kì í sọ ọ́ kalẹ̀ fún un?"

"Ẹ bá mi rẹ́ ẹ. Ẹ fi símẹ́ńtì dí gbogbo ibi tó lanu, màá fún yín lówó yín."

"A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá."

"Ta lẹ̀ ń pè ládẹ́tẹ̀ nínú ilé mi?" Wagida fò síwájú tòun ti ṣíbí. "Lọ́jọ́ ẹrù ọmọ mi! Ẹ̀yin ọmọ ìwé yìí, ẹ ò mọ̀ ju wó o, wó o! Ta ló máa fún Midhat níyàwó lórí ilẹ̀ lásán? Ẹ̀yin?"

"Mo lọ́kọ, Màmá. Ilé ẹ̀ sì ń rì díẹ̀ náà, ṣùgbọ́n a ti ń tún un ṣe." Ẹnjinía yíjú sí Ṣehata. "Tí ẹrù yẹn bá gòkè, Alhaji, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sùn sínú ilé yìí. Mo ti sọ ọ́. Mo máa dúró níta, kí n lè sọ pé mo sọ ọ́."

Ṣehata wo ògiri. Ó wo òkè. Ọwọ́ rẹ̀ ló fi to bíríkì ibẹ̀, nígbà tí ojúgbà rẹ̀ ń jókòó ní ilé tíì. Kó tó la ẹnu, fèrè ọkọ̀ ti gba gbogbo òpópónà.

Ẹrù ìyàwó dé.

Ọkọ̀ akẹ́rù tẹ̀lé ọkọ̀ akẹ́rù, orin ń bú jáde lára wọn. Àwọn obìnrin ń fi ahọ́n hó ìhó ayọ̀, wọ́n ń hó o bí ẹni pé ìyàwó ló kọ́kọ́ ní ìkòkò láyé. Alhaja Inam, ìyá Rawya, dúró lórí ọkọ̀ iwájú, ẹ̀gbà wúrà dé ìgúnpá rẹ̀, ó ń darí àwọn alágbàrù. "Ẹ rọra! Ẹ má kánjú! Ẹ dúró díẹ̀ ná, kí èèyàn rí i!" Rawya fúnra rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì ń fojú wá Midhat.

Ojú àwọn ará àdúgbò ń ṣiṣẹ́.

"Fìríìjì onílẹ̀kùn méjì!"

"Kí ni wọ́n fẹ́ fi sínú ẹ̀? Ẹ̀wà?"

"Ilẹ̀kùn kan fún ẹ̀wà àná, ìkejì fún tòní," Ìyá Sabir ní, gbogbo wọn sì rẹ́rìn-ín.

Fìríìjì ni wọ́n kọ́kọ́ gbé wọlé, nítorí òun ló ń dán jù. Midhat sáré wá gbé e pẹ̀lú wọn, ọ̀dà àwọ̀ wàrà tí Rawya yàn ṣì wà ní èékánná rẹ̀. Wọ́n gùn, wọ́n ń mí gúlegúle, wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ láàárín ilé ìdáná òkè. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń nu ojú ni ohun èlò náà bẹ̀rẹ̀ sí rìn. Ẹnìkan ò tì í. Ó rọra yọ lórí táìlì, ó lọ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó sì lọ fi ẹ̀yìn ti ògiri tó wà níhà ọ̀dọ̀ Ìyá Sabir.

Olórí alágbàrù wò ó, ó wo Midhat. "Ọkọ ìyàwó, fìríìjì yín ti mọ̀nà ilé ju àwa lọ. Àwa ń lọ sísàlẹ̀ ná."

Ibi àtẹ̀gùn ni wọ́n ti pàdé Karima. Àwọn mìíràn ti ń gbé fóòmù tuntun bọ̀ láti ìsàlẹ̀, ọ̀rá ṣì wà lára rẹ̀. Karima ń wọ́ fóòmù tirẹ̀ bọ̀ láti òkè, àárín rẹ̀ ti jìn wọnú. Fóòmù méjì forí gbárí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹlẹ́rìí.

"Padà sẹ́yìn, Karima!" Wagida kígbe láti ìsàlẹ̀. "Kí lò ń gbé? O ò rí i pé àlejò ń gòkè?"

"Èmi ń sọ̀kalẹ̀, Màmá."

"Lọ síbo?"

"Síta."

Ó kọjá. Bó ṣe ṣe é kò yé ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ó kọjá. Ó tẹ́ fóòmù sáàárín òpópónà, níwájú ọkọ̀ akẹ́rù, ó padà lọ gbé sítóòfù rẹ̀, ó gbé ìkòkò tíì, ó jókòó sórí fóòmù, ó tan iná. Orin ọkọ̀ dákẹ́. Ìhó ayọ̀ tó wà lẹ́nu obìnrin kan kú sí ààbọ̀.

Alhaja Inam sọ̀kalẹ̀ látorí ọkọ̀. "Kí lèyí? Ìyàwó ilé wo ló ń dáná sáàárín títì lọ́jọ́ ayọ̀?"

"Ìyàwó ilé yìí ni, Alhaja," Karima ní. "Ilé ń rì. Ìpìlẹ̀ kò gba àjà Midhat. Ẹnjinía rèé, ẹ bi í. Tí ẹ bá gbé ẹrù ọmọ yín gòkè, orí mi lẹ gbé e lé. Mi ò padà wọlé yẹn títí àjà òkè á fi kúrò."

Wagida ti dé, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ má dá a lóhùn, Alhaja Inam. Owú ni. Fìríìjì onílẹ̀kùn kan ló ní."

Alhaja Inam ò rẹ́rìn-ín. Ó gbójú sókè wo ilé náà láti ìsàlẹ̀ dé orí irin òrùlé, ó wo àlàfo tó wà láàárín rẹ̀ àti ilé Ìyá Sabir: ní ìsàlẹ̀, ó gba ọwọ́, lókè, abẹ́ felefele kò lè wọ ibẹ̀. Ó rí i. Gbogbo èèyàn rí i pé ó rí i. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, ó fa Wagida mọ́ra.

"Ìyá Galal, ẹ jẹ́ ká gbé e gòkè bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá ti ṣègbéyàwó tán, ẹ wá máa tún un ṣe. Ẹrù tó ti wọ àdúgbò, tó tún jáde, kí la fẹ́ sọ fáráyé?"

"Ohun tí mò ń sọ láti ìdájí nìyẹn!" Wagida dì mọ́ ọn. Àna méjèèjì fẹnu ko ara wọn lẹ́rẹ̀kẹ́. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń tọrọ ìyàwó, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ọ̀rọ̀ wọn yóò bá ara mu.

Ìyá Sabir, ẹni tó ti ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín láti àárọ̀, ti gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀. Ó ń wo àlàfo yẹn. Ó ń wo fèrèsé yàrá tirẹ̀, tó wà lábẹ́ ibi tí ilé Ṣehata forí sí. Ó wọlé. Nígbà tó máa jáde, fóòmù tirẹ̀ ló wọ́ tẹ̀lé ara rẹ̀. Ó tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Karima.

"Sún díẹ̀," ó ní. "Orí ibùsùn mi nilé wọn fẹ́ forí kàn."

Obìnrin tó wà lódìkejì wọlé. Òun náà jáde pẹ̀lú ẹní àti ìrọ̀rí. Lẹ́yìn náà ẹlòmíràn. Kò pẹ́ tí òpópónà fi dà bí yàrá oorun, fóòmù tuntun Rawya nìkan ló wà lórí ọkọ̀, nínú ọ̀rá rẹ̀, bí àlejò tí wọn ò ní kó jókòó.

Ṣehata jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ó tan sìgá, kò fà á. Ẹnjinía Safinaz dúró níta, bó ṣe ní òun máa ṣe. Ó ti sọ ọ́.

Midhat sọ̀kalẹ̀. Ó wo Karima, ó wo Ìyá Sabir, ó wo Rawya nínú ọkọ̀. Ó wọ ìdí àtẹ̀gùn lọ, ó jáde pẹ̀lú òòlù.

"Midhat!" Wagida kígbe. "Kí lo fẹ́ fi ìyẹn ṣe?"

"Màmá, tí mo bá sùn sókè yẹn lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi, orí ta ni mo sùn lé?"

"Orí ìyá ẹ! Orí bàbá ẹ! Ta ló sọ fún ẹ pé ó dùn wá?"

Midhat yíjú sí bàbá rẹ̀. Gbogbo òpópónà ń wo ẹnu Ṣehata, àfi tíì Karima tó ń hó. Arúgbó náà ju sìgá rẹ̀ sílẹ̀.

"Èyí tóo mú yẹn kéré," ó ní. "Ìyẹn tó wúwo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn."

Ó dìde, ó tẹ̀ lé ọmọ rẹ̀ gòkè. Wagida jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fi ìborùn bojú. Láti ilé ìdáná, òórùn pẹ́pẹ́yẹ tó ń jóná bẹ̀rẹ̀ sí jáde, kò sì sẹ́ni tó dìde.

Alhaja Inam kò jókòó. Ó ti padà sórí ọkọ̀. "Ẹ da ẹrù padà! Fìríìjì ọmọ mi, ẹ gbé e sọ̀kalẹ̀! Tí wọ́n bá rí ilé, kí wọ́n wá bá wa. Títí dìgbà yẹn, èmi ò mọ ẹni tó ń jẹ́ Midhat."

Wọ́n gbé fìríìjì sọ̀kalẹ̀, ó kọjá láàárín àwọn fóòmù. Bí wọ́n ti ń dì í mọ́ ọkọ̀ ni bíríkì àkọ́kọ́ ṣubú látòkè, ó fọ́ yángá sí àgbàlá ẹ̀yìn. Rawya yọ orí jáde lójú fèrèsé ọkọ̀.

"Midhat! Wá nǹkan dé orí! Bíríkì ò mọ ọkọ ìyàwó!"

Ìyá rẹ̀ já a ní èékánná, ó fà á wọlé. Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́ kan awakọ̀ léjìká.

"Fọn fèrè."

"Alhaja, a mà ń padà lọ ni."

"Mo ní kóo fọn ọ́n! Ẹ tan orin! Ẹ̀yin obìnrin, ṣé ẹnu yín kú ni? Ẹ hó! Àwọn tó wà ní òpópónà kejì ò gbọ́dọ̀ mọ̀ pé padà là ń padà."

Awakọ̀ fọn fèrè. Orin bú jáde. Àwọn obìnrin gbé ahọ́n sókè, wọ́n hó ìhó ayọ̀ bí ẹni tí wọ́n fi ẹgba lé. Bí wọ́n ti yí kọ́nà, àwọn ará òpópónà kejì tú jáde sójú fèrèsé, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń ju ìrẹsì lé ẹrù ìyàwó lórí.